Bí Ẹ Ṣe Lè Ya Fíìmù Apanilẹ́rìn-ín Nípa Ẹgbẹ́ Akọrin Àdúgbò ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ ya fíìmù nípa ẹgbẹ́ akọrin tí kò mọ orin kọ, tí wọ́n wá mọ̀ ọ́n kọ nígbẹ̀yìn, máa ń ṣe àṣìṣe kan náà. Wọ́n á lọ háyà àwọn akọrin tó ti mọ iṣẹ́, wọ́n á ní kí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ títí fíìmù á fi dé ìdajì, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá tú ohùn wọn sílẹ̀. Etí kì í gba irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀. Akọrin tó mọ iṣẹ́ tó ń díbọ́n á kàn máa pariwo burúkú ni. Ẹni tí kò mọ orin kọ lóòótọ́ kì í pariwo. Ńṣe ló máa ń fi ohùn pamọ́. Á máa wo ẹnu ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti bẹ̀rẹ̀, á sì dákẹ́ ṣáájú wọn. Ìbẹ̀rù yẹn gan-an ló ń pani lẹ́rìn-ín. Òun náà ló sì ń mú kí omi lé sí wa lójú lọ́jọ́ tó bá kúrò lára wọn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tó gbé gbogbo èyí tó kù dúró kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ kó àwọn tí kò tíì mọ orin kọ jọ lóòótọ́, ẹ kọ́ wọn lóòótọ́, kí ẹ sì máa gba ohùn wọn sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ jẹ́ kí ìtàn máa bá ohùn wọn rìn. Àlàyé nípa kámẹ́rà, iná àti òfin tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, torí kí ohùn yẹn má bàa sọnù ni.

Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété gba irú fíìmù yìí dáadáa. Láti 1855 ni iṣẹ́ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti wà nílùú náà. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1898 ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ni ní orin ìjọ níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ní ẹgbẹ́ àsàlátù tiwọn, tí àwọn ìyá ti ń gbe orin láìwo ìwé kankan. Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, ń kó àwọn ọ̀dọ́ ìlú mìíràn wá sí àdúgbò Under-G àti agbègbè rẹ̀. Ẹ fi ẹni tó ń ka dó-re-mí lójú ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó jẹ́ pé orí ló fi mọ orin rẹ̀, ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó mú bírò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kó ènìyàn jọ kí ẹ tó kọ ìtàn

Ènìyàn méjìdínlógún sí mẹ́rìnlélógún ló dára. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́jọ péré, àṣìṣe ẹnì kan á bo orin mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá tó ogójì, àwọn òǹwòran ò ní mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nínú ogún, ẹni mẹ́fà tàbí méje ni kí a mọ orúkọ wọn nínú fíìmù. Àwọn yòókù á jẹ́ ojú tí a mọ̀ láìmọ orúkọ, bí a ṣe ń mọ ará àdúgbò.

Ẹ má ṣe wá wọn nínú ìjọ kan ṣoṣo. Ẹ lọ sí Ọjà Wàsó, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn káfíńtà, ẹ bá àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì sọ̀rọ̀, ẹ lẹ ìwé mọ́ ara ògiri níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ra oúnjẹ. Ẹ sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé fíìmù ni, pé oṣù mẹ́ta ni, pé ẹ ó máa fún wọn ní owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, kí ẹ sì mú ìlérí yẹn ṣẹ. Ẹni tí ebi ń pa kì í mí dáadáa, mímí sì ni ìdajì orin.

Láti dán ohùn wò, ẹ má ṣe gbé kíbọ́ọ̀dù síwájú ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kó kọ orin tó ti mọ̀ láti kékeré, kó bẹ̀rẹ̀ síbi tó bá wù ú. Ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti ń sinmi. Lẹ́yìn náà ẹ ní kó tún un kọ, kó gbé e sókè díẹ̀, kó tún gbé e sókè, títí iṣan ọrùn rẹ̀ á fi yọ síta. Ẹ ṣe bákan náà wá sílẹ̀ títí ohùn á fi di atẹ́gùn lásán. Ẹ kọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin náà sílẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́ lọ́wọ́ mi: ẹ má ṣe pín wọn sí ohùn mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kò kọ́ orin rí, àárín ténọ̀ (ohùn ọkùnrin tó ga) àti báàsì (èyí tó wà nísàlẹ̀) ni ohùn wọn wà. Bí ẹ bá fi wọ́n sí ténọ̀, wọ́n á máa na ọrùn bí àkùkọ. Bí ẹ bá fi wọ́n sí báàsì, a ò ní gbọ́ wọn. Ohùn mẹ́ta tó: sópránò (ohùn obìnrin tó ga), áltò (ohùn obìnrin tó wà nísàlẹ̀), àti ohùn ọkùnrin kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ibi tí ẹ̀rín ti ń wá

Níbí ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fíìmù ti ń ṣáko. Ẹ̀rín inú irú ìtàn yìí ò sí nínú ká fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ torí ohùn rẹ̀ ò dára. Nínú ilé Yorùbá, ó wà nínú ìbéèrè yìí: báwo ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń darí orin ṣe máa sọ fún ìyá ọlọ́dún márùndínláàádọ́rin pé ohùn rẹ̀ ti jábọ́? Kò lè nàka sí i. Kò lè dárúkọ rẹ̀. Kò sì lè jẹ́ kí ohùn náà máa lọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tó máa dá láti sọ ọ̀rọ̀ náà láì sọ ọ́ ni àwàdà yín. Irú ìran báyìí ni mo ní lọ́kàn:

"Màmá, ẹ ẹ́ ṣeun o. Ó dùn gan-an. Ẹ kàn… ó kù díẹ̀ kó gun òkè."

"Kí ló kù díẹ̀? Ohùn mi yìí? Ohùn tí mo fi ń polówó ẹ̀kọ kí wọ́n tó bí ìyá ẹ?"

"Ohùn yẹn náà ni mo ń wá, mà. Tí oníbàárà bá ti fẹ́ẹ́ kọjá, báwo lẹ ṣe ń pè é?"

Màmá á fa èémí sínú, á pe ẹ̀kọ rẹ̀. Ohùn á jáde ní mímọ́, á dúró síbi tó yẹ kó wà gan-an, gbogbo yàrá á sì dákẹ́. Ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ orin tòótọ́ nìyẹn? Ìpolówó ọjà máa ń ti inú ikùn wá, kì í ṣe ọ̀nà ọ̀fun. Ìyá tó fi ogójì ọdún polówó ti kọ́ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin ń sanwó fún. Ìran yẹn á pa wọ́n lẹ́rìn-ín, á gbé Màmá ga, á sì tún orin ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wá irú àwọn ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lára iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akọrin yín. Káfíńtà tó ń fi ayùn rẹ́ igi mọ bí a ṣe ń mú ìṣísẹ̀ bára mu. Awakọ̀ tó ń pe èrò ní gáréèjì mọ bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà nígbà ọgọ́rùn-ún láìjẹ́ kó sú ẹni tó ń gbọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè. Wọ́n á sọ ohun tí ẹ ò lè jókòó sílé kí ẹ fi orí yín gbé jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Orin

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe orin tuntun fún yín, ó kéré tán orin àgbéparí, ìyẹn orin tí fíìmù máa fi parí. Orin àtijọ́ náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin ṣì wà fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Orin ìjọ kan lè ti tó igba ọdún, síbẹ̀ kó jẹ́ pé ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tàbí ẹni tó tún un tò fún ohùn mẹ́ta ṣì wà láyé. Ìyọ̀ǹda tirẹ̀ ni ẹ máa gbà.

Ìdí tó ju òfin lọ ni ohùn èdè wa. Ẹ mú dó-re-mí: dó ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni àárín, mí ni òkè. "Ọkọ̀" tí à ń wọ̀, re-dó ni. Bí orin bá dúró sójú kan, re-re, ó ti di "ọkọ" tó fẹ́ni sílé. Bí ó bá gòkè, re-mí, "ọkọ́" tí a fi ń roko ló dà. Ẹ wá fojú inú wo ẹgbẹ́ obìnrin mọ́kànlá tó fẹ́ kọ "Ọkọ̀ wa ti dé" lórí orin òyìnbó tí kò lọ sókè tí kò lọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń kí káàbọ̀! Irú àwàdà yìí, èdè mìíràn ò ní i láti fún yín.

Kì í ṣe àwàdà lásán o. T.K.E. Phillips, tó jẹ́ atẹdùùrù àti olórí orin ní kàtídírà Mẹ̀rínà l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ìwé lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953, ọ̀rọ̀ àjọṣe ohùn èdè àti ohùn orin sì wà lára ohun tó dá lé lórí. Ọ̀rọ̀ ìlù nínú ìjọ náà fa ìjà rí: ní 1961 ni Dúró Ládiípọ̀ gbé orin Àjíǹde tó ní ìlù Yorùbá nínú wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo. Àwọn kan bínú sí i. Ó gbé e kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ tíátà rẹ̀ sì gbilẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, Hubert Ògúndé, ọlọ́pàá tó ń ṣe eré olórin fún ìjọ kan l'Ékòó ní 1944, ti dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Inú ẹgbẹ́ akọrin ni púpọ̀ nínú tíátà wa ti jáde. Bí fíìmù yín bá ní ìran tí àgbà kan ti ń sọ pé ìlù ò gbọdọ̀ wọ inú gbọ̀ngàn, ìjà tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ lẹ ń sọ.

Ọ̀nà tí mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi ṣe orin náà nìyí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ pe onídùndún, kó fi ìlù sọ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì gba ìlù yẹn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹni tó ń ṣe orin gbé ohùn sópránò lé orí ohun tí ìlù sọ. Kò pọn dandan kí ó tẹ̀lé e ní ẹ̀sẹ̀-ẹ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí ìlù bá ti gòkè, kí orin má ṣe sọ̀kalẹ̀. Ní ti áltò àti ohùn ọkùnrin, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn gba ọ̀nà kan náà bí ó bá ti ṣeé ṣe tó, tàbí kí wọ́n di ohùn gígùn mú lábẹ́ nígbà tí sópránò bá ń sọ ọ̀rọ̀.

Ẹ lè fi èyí ṣe ìkóríta ìtàn yín. Bàbá onílù kan ń kọjá lọ́nà, ó dúró lójú fèrèsé, ó fetí sílẹ̀, ó ní, "Ọkọ ta ni gbogbo yín ń pè báyìí?" Láti ọjọ́ yẹn ni orin á bẹ̀rẹ̀ sí í tò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìtàn

Ẹ má ṣe gbé e lọ síbi ìdíje. Òǹwòran ti mọ̀ pé wọ́n á borí, tàbí pé wọ́n á pàdánù kí wọ́n sì dì mọ́ra. Ẹ fún wọn ní ìdí kékeré tó jẹ́ ti àdúgbò: gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń dánra wò ni onílé fẹ́ pín sí ìsọ̀, tàbí olùkọ́ àgbà kan tó kọ́ ìdajì àdúgbò ní orin fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún, ó sì ti ń di adití, wọ́n fẹ́ kó gbọ́ wọn kí etí rẹ̀ tó dí pátápátá. Èyí kejì yìí wù mí jù. Ó ní àkókò nínú, ó sì ní ìbéèrè tó ń dunni: ṣé yóò gbọ́?

Ojú ewé kan nínú ìwé eré máa ń súnmọ́ ìṣẹ́jú kan lójú fíìmù, nítorí náà ojú ewé àádọ́rùn-ún tó. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ orin àgbéparí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ó pọ̀ jù: ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lọ́jọ́ tí nǹkan dàrú, lọ́jọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò, àti lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí, àfi ní ìgbà ìkẹyìn.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ibi tí ìbànújẹ́ ti wọlé nínú ìtàn, ẹ má ṣe yára pa ẹ̀rín rẹ́. Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ bá kú, ẹ má ṣe fi orin arò bo ìran náà. Ẹ jẹ́ kí a rí wọn lọ́jọ́ ìdánrawò tó tẹ̀lé e, àga òfìfo kan láàárín, kí ẹni tó máa ń bá olóògbé jà lórí àga yẹn wá jókòó síbẹ̀ kó má bàa dá wà, kó sì máa kọ orin tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì sunkún, ẹ ò sì ní fi ọ̀rọ̀ ẹnu sọ nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìdánrawò ọ̀sẹ̀ méjìlá

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, mímí nìkan: kí wọ́n gbé ọwọ́ lé ikùn, kí wọ́n fa atẹ́gùn sínú kí ọwọ́ lè yọ síwájú, kí wọ́n tú u sílẹ̀ pẹ̀lú "sss" títí dé orí ogún. Èjìká ò gbọdọ̀ gòkè. Lẹ́yìn èyí, ohùn imú. Yorùbá kún fún "ọn", "in", "un", akọrin tuntun sì máa ń tètè pa ẹnu dé lórí wọn, ni orin á bá kú. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n ya ẹnu gan-an, kí wọ́n jẹ́ kí imú ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí pé ètè pàdé.

Bí ẹgbẹ́ tuntun bá ń kọrin láìsí kíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn wọn, ohùn gbogbo wọn máa ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí orin tó parí. Ó ń wá láti inú àárẹ̀, èémí tí kò tó, àti pé wọn kò gbọ́ ara wọn. Ẹ ní kí wọ́n dúró ní ìdajì òbìrí dípò ìlà gbọọrọ, kí wọ́n lè máa wo ojú ara wọn. Ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù níbi ìdánrawò nìyí, ẹ má ṣe jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín: ní ìparí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ gba orin àgbéparí sílẹ̀. Ibì kan náà, máìkì kan náà, ohùn ìbẹ̀rẹ̀ kan náà láti ẹnu kíbọ́ọ̀dù. Ẹ kọ ọjọ́ sí i. Nígbà tí ẹ bá ní méjìlá, ohun tí owó kò lè rà ti wà lọ́wọ́ yín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà lọ síbi tí àwọn ará àdúgbò kan ti ń dánra wò, mi ò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ sílẹ̀, mo ní wọn ò tíì mọ̀ ọ́n kọ. Àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo wá wá títí, tí mi ò rí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Etí tó ti gbọ́ ohun tó dára kì í lè gbàgbé.

Nítorí èyí náà ni kí ẹ ya fíìmù ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé ìtàn, ó kéré tán àwọn ìran orin.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ibi àti àsìkò

Òrùlé páànù ni ọ̀tá yín. Bí òjò bá rọ̀, iṣẹ́ ti parí fún ọjọ́ náà. Oṣù kẹrin sí ìkẹwàá ni òjò wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Bí ẹ bá sá fún òjò, ẹ ó bọ́ sọ́wọ́ ọyẹ́: láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, ọ̀fun á gbẹ, eruku á wọ kámẹ́rà. Èmi á bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò ní ìparí oṣù kẹsàn-án, kí yíyà orin lè parí kí ọyẹ́ tó le. Ẹ jẹ́ kí omi wà nílẹ̀ nígbà gbogbo, kì í ṣe omi dídì.

Ẹ lọ jókòó nínú gbọ̀ngàn náà fún odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó gbà á. Ẹ kọ ariwo tí ẹ bá gbọ́ àti wákàtí rẹ̀ sílẹ̀: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, ọkadà, ìpè àdúrà ní mọ́ṣáláṣí, ìdánrawò ìjọ tó wà lódìkejì. Ẹ ṣètò iṣẹ́ yín sáàárín wọn, ẹ má ṣe lọ bá ẹnikẹ́ni pé kó dákẹ́ ìsìn rẹ̀. Ẹ fi aṣọ títa tó nípọn, ẹní àti fóòmù àtijọ́ bo ògiri tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà kí ohùn má bàa máa dún padà. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ilé mìíràn, kí wáyà gígùn so ó pọ̀. Bátìrì àti ínfátà sàn jù ú lọ.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò àti baálé. Bí ìran kan bá wọ ààfin Ṣọ̀ún, ààfin ni ẹ máa kọ̀wé sí.

Ìgbésẹ̀ keje: Kámẹ́rà àti ohùn

Ní ti kámẹ́rà, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Iná mànàmáná wa jẹ́ 50 Hz, nítorí náà ẹ lo àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí shutter (bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé) jẹ́ 1/50. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná tó wà lókè á máa ṣẹ́jú nínú àwòrán. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń yà á, ẹ ti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pa sójú kan kó má bàa máa yí fúnra rẹ̀. Ẹ ya ojú àwọn tó ń gbọ́ ju ojú ẹni tó ń kọrin lọ.

Ní ti ohùn, ẹ na owó yín síbẹ̀. Máìkì méjì níwájú ẹgbẹ́, ó ga ju orí wọn lọ díẹ̀, ní nǹkan bí mítà méjì sí mẹ́ta síwájú wọn. Ọ̀kan mìíràn lọ́dọ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan bí agbára bá gbé e. Ẹ gbà á ní 48 kHz. Ẹ pàtẹ́wọ́ níwájú kámẹ́rà ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìran, kí ẹni tó máa gé e lè so ohùn mọ́ àwòrán. Kí ẹ tó kúrò ní yàrá kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yàrá náà; òun ni ẹ ó fi lẹ àlàfo.

Kí olùdarí orin nìkan ní ohun tó ń lu ìṣísẹ̀ sí i létí, kí wọ́n sì fi kíbọ́ọ̀dù fún ẹgbẹ́ ní ohùn ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn tàbí ìṣísẹ̀ bá yàtọ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ ò ní lè gé ọ̀kan wọ inú èkejì láéláé.

Ìran tí orin ti dàrú, ẹ gbà á láàyè, bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn. Ìran àgbéparí, ẹ kọ́kọ́ gba orin náà sílẹ̀ lóru nínú gbọ̀ngàn yẹn kan náà nígbà tí ìlú bá ti dákẹ́, kí ẹ tó máa gbé e fún wọn gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń ya ojú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n máa ju ẹnu lásán. Ẹni tí kò kọrin lóòótọ́, ọrùn rẹ̀ kì í mì, àyà rẹ̀ kì í gbé sókè. Kí wọ́n kọ ọ́ sókè bí ẹni pé máìkì wà níwájú wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìwé àdéhùn

Kí gbogbo akọrin fọwọ́ sí ìwé tó sọ iye tí wọ́n ń gbà, ibi tí fíìmù máa dé, àti ẹni tó ni ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀. Ẹ kà á fún ẹni tí kò lè kà á, ní Yorùbá. Òbí ló ń fọwọ́ sí ti ọmọdé. Ẹni tó ṣe orin àti onílù tó fi ìlù sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé tiwọn lọ́tọ̀. Mo ti rí i kí ìwé onílù di ohun tí gbogbo ènìyàn gbàgbé, ó sì ń dùn mí.

Ẹ má ṣe fi ẹ̀dà fíìmù tó pé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kó tó jáde. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ṣe fíìmù ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri, gbèsè sì kù sí i lọ́rùn. Ẹ fi orúkọ ẹni tó gba ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sára àwòrán rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Gígé, àti ìwò àkọ́kọ́

Níbi gígé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ohùn ọ̀sẹ̀ méjìlá sílẹ̀ máa jèrè. Ẹ tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ẹ gbọ́ wọn láìwo àwòrán. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí ohùn wọn fò sókè lójijì. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi ìran tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í tò sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibòmíràn ni ìwé eré fi í sí.

Ẹ fi àmì ohùn sí àkọlé Yorùbá tó ń jáde lábẹ́ àwòrán. Láìsí àmì, ọkọ̀, ọkọ àti ọkọ́ á di ohun kan náà, àwàdà tí ẹ fi oṣù mẹ́ta ṣe á sì kú sójú ìwé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pe àwọn akọrin àti ará ilé wọn sínú gbọ̀ngàn, àwọn nìkan, kí ẹ fi iṣẹ́ náà hàn wọ́n kí ó tó parí. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti rí ojú ara wọn kí àjèjì tó rí i. Bí ẹnì kan bá sọ pé ìran kan dójú ti òun, ẹ yọ ọ́. Ẹ gbé kámẹ́rà kékeré kan kọjú sí àwọn tó ń wò ó. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: níbi tí ẹ̀rín wọn bá ti bo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e mọ́lẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì kún ojú ẹni tó ń gbọ́ kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ tó jáde. Níbi tí ẹ rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín tí wọn ò rín, ẹ gé e kúrú.

Ẹ̀dà tí ẹ ti tún ṣe yìí ni kí ẹ wá gbé lọ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, kí wọ́n sọ ọjọ́ orí àwọn tó lè wò ó. Ìwé wọn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó fi fíìmù náà han gbogbo ìlú. Lọ́jọ́ ìfihàn yẹn, ẹ fi ìlà ìjókòó àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún àwọn akọrin, kí ẹ sì fi Màmá ẹlẹ́kọ sí àárín wọn.